Ojú Tí Mo Fá Kúrò Lára Idẹ

Ẹ̀yin ará ìjọ mi, ẹ dákun, ẹ má fi aṣọ ọmọ yín nu ojú yẹn mọ́. Ẹ má fi ìka kàn án, kí ẹ sì fi kan iwájú orí yín mọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu ló mú kí ojú Ẹlísábẹ́tì Mímọ́ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lára idẹ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi Oyèníran ni mo fá a kúrò. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fá a, àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí mo ń fá. Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu. Ní báyìí tí èémí mi ti ń kúrú, tí dókítà ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lójú mi bí ẹni pé etí mi ti kú ṣáájú mi, mo fẹ́ tu ú. Kí n tó kú, mo fẹ́ kí orúkọ olè kúrò lára Happiness. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá nìyẹn. Ní tèmi, ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Dópẹ́mù, níbi tí mo ti ń fín ọ̀rọ̀ sára idẹ àti irin. Bàbá bàbá mi ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, àwọn ènìyàn sì ń ti ìlú mìíràn wá wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi jókòó sí Èkó, mo ń fín orúkọ lọ́yà fún ẹnu ọ̀nà, mo ń fín orúkọ òkú fún pósí, mo ń fín òǹtẹ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́. Iṣẹ́ náà ń bọ́ mi, àmọ́ kò wú mi lórí. Kò sí ẹni tó ń dúró níwájú orúkọ lọ́yà kó béèrè pé ọwọ́ ta ló ṣe èyí. Ìgbéraga lẹ ó máa bá pàdé nínú ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà mo tètè dárúkọ rẹ̀ fún yín kí ẹ má bàa rò pé ẹlòmíràn ló tì mí.

Fadá Adéwọlé ló pè mí sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó mú bébà àtijọ́ kan jáde látinú àpótí. Fadá òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ló fi í sílẹ̀ fún ìjọ. Àwòrán Ẹlísábẹ́tì Mímọ́ ni, ọmọ ọba ilẹ̀ Họ́ńgárì tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ fín in sára irin nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ilà tín-ín-rín tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀, ilà tí n kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Adé wà lórí ọmọ ọba náà, alágbe kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, nǹkan sì kún inú aṣọ náà. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò sí. Ikán ti jẹ ẹ́, ihò ló kù láàárín adé àti ọrùn. Fadá ní òun fẹ́ kí n fín irú rẹ̀ sára idẹ fífẹ̀ kan. Mo ní, ‘Fadá, ojú ńkọ́?’ Ó ní, ‘Ẹ fi ọkàn yín ro ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran. Ẹgbẹ́ obìnrin ti ń bára wọn jà, kálukú fẹ́ kó jẹ́ ojú tòun. Bí mo bá rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí lára idẹ yẹn, màá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín.’ Mo ní ó ti yé mi.

Kò yé mi rárá. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé ohun tí ojú ò bá rí, ọwọ́ kì í fín in. Mo ya ojú kan, ó dà bíi ti bèbí ìṣeré. Mo ya òmíràn, ó dà bí ìyàwó mi nígbà tó ń bínú. Ojú tó ń wá sí mi lọ́kàn ní gbogbo ìgbà, ti Happiness ni. Òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbé yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé Fadá. Ọmọ Ìsókò ni, Ìkọ̀tun ló ti kọ́ Yorùbá tó ń sọ. Òun náà ló máa ń bá ìjọ pín búrẹ́dì fún àwọn aláìní ní ọjọ́ Àìkú, mo sì ti ṣàkíyèsí ohun kan nípa rẹ̀. Àwa yòókù, bí a bá ń fún ènìyàn ní nǹkan, nǹkan náà là ń wò. Happiness kì í wo búrẹ́dì. Ojú ẹni tó ń fún ló máa ń wò.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n yà á. Ó bú sẹ́rìn-ín. ‘Bọ̀ọ̀dá Oyè, èmi? Saint? Ẹ wo ẹsẹ̀ mi o, gbogbo ẹ̀ ti sán.’ Mo ní ẹsẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ yà. Bó ti jókòó, mo ń sọ ìtàn ọmọ ọba náà fún un, kí oorun má bàa gbé e lọ. Mo ní àwọn ará ààfin kórìíra bó ṣe ń kó oúnjẹ fún tálákà. Lọ́jọ́ kan tó kó búrẹ́dì sínú aṣọ, ọkọ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó ní kí ló wà nínú aṣọ rẹ. Ó ní, òdòdó ni. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà wò, òdòdó ni wọ́n bá níbẹ̀ lóòótọ́. Happiness pàtẹ́wọ́. ‘Ẹn-ẹ́n! So ó purọ́, Ọlọ́run wá bá a bò ó?’ Ìdáhùn náà dùn mọ́ ọn, ó ń tún un sọ, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ohùn òkè tó yẹ kó wà ní ìparí máa ń bọ́ sọnù. Ó ní, ‘Òdodo ni.’ Mo ní, ‘Rárá o. Òdòdó. Èyí tó ń hù lórí igi. Èyí tí o pè yẹn, ti ilé ẹjọ́ ni.’ Ó ní, ‘Bọ̀ọ̀dá jàre, gbogbo ẹ̀ náà ni ododo.’ A jọ rẹ́rìn-ín títí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi yọjú wò wá.

Ojú parí lórí bébà, ó ku aṣọ. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa lè rò pé aṣọ rọrùn ju ojú lọ. Irọ́ ni. Aṣọ tí ẹrù wà nínú rẹ̀ ní bó ṣe ń rọ̀ wálẹ̀. Mo kó òkúta sínú ìró Happiness, ó fà wálẹ̀ jù, ó dà bí ẹni tó lọ jí òkúta níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo kó àkísà sí i, ó wú bí oyún. Mo ní, ‘Happiness, búrẹ́dì gan-an la nílò. Lọ́jọ́ Sátidé, kó díẹ̀ nínú ti ṣọ́ọ̀ṣì wá fún mi. Wàá dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.’ Ojú rẹ̀ yí padà. ‘Kò ní di wàhálà, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Fadá.’ Mo fò dìde. ‘Má sọ fún Fadá o! Bó bá mọ̀ pé ìwọ ni mo ń yà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.’ Ó ní kò burú, òun gbọ́. Ẹ̀yin ará, búrẹ́dì kún Dópẹ́mù. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì Agége ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ahun lásán ni kò jẹ́ kí n rà á. Nígbà mìíràn, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó pẹ́ kó tó dé, ni mo bá wọkọ̀ lọ wò ó. Bí mo ti ń wọ géètì ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí èrò. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpàdé, Happiness dúró láàárín wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìró rẹ̀ mú. Màmá Àtọ́kẹ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ló dá a dúró. Mo gbọ́ ìbéèrè náà pẹ̀lú etí mi. ‘Happiness, kí ló wà nínú aṣọ ẹ?’ Ojú Happiness tàn. Ó rò pé eré ni. Ó rò pé gbogbo ẹni tó ń jọ́sìn lábẹ́ orúkọ ọmọ ọba náà ló mọ ìtàn rẹ̀, pé màmá fẹ́ bá òun ṣe é. Ó ní, ‘Òdodo ni, Ma.’ Màmá Àtọ́kẹ́ ní, ‘Kí lo wí?’ Ó tún un sọ, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ‘Òdodo ni.’ Màmá na ọwọ́, ó fa ìró náà, búrẹ́dì dà sínú erùpẹ̀. ‘Ẹ wá wo olè tó ń pe ara ẹ̀ ní olódodo! Oúnjẹ àwọn aláìní!’ Happiness ń ké pé, ‘Ma, flower ni mo fẹ́ sọ o, bíi ti Saint Elizabeth!’ Ìyẹn wá da epo síná. Wọ́n ní ó tún ń fi ẹni mímọ́ ṣẹ̀fẹ̀.

Fadá jáde. Ìgbà náà ni Happiness rí mi lẹ́nu géètì. Bí ara ṣe tù ú nígbà tó rí mi, n kò lè gbàgbé. ‘Bọ̀ọ̀dá Oyè! Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹ bá mi sọ fún wọn jàre. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní kí n kó o wá?’ Gbogbo ojú yí sí mi. Fadá ní, ‘Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ṣé ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?’ Mo ti la ẹnu, òtítọ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wá rántí idẹ ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àti orúkọ mi tí mo fẹ́ fín sí igun rẹ̀. Mo ní, ‘Happiness, èwo ni tèmi níbẹ̀? Kí ló pa èmi àti ìwọ pọ̀?’ Kò bú mi. Kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn ń pè mí, ‘Bọ̀ọ̀dá? Bọ̀ọ̀dá?’ bí ẹni tó ń jí ẹni tó sùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta, ẹní, ìkòkò, àpò aṣọ kan. Wọn kò jẹ́ kó mú nínú búrẹ́dì tó dà sílẹ̀, ajá ló jẹ ẹ́. Ọmọ́tọ́ṣọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ òtítọ́, nítorí Happiness ti sọ ohun tó fẹ́ fi búrẹ́dì ṣe fún un kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ọgbà. ‘Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn o. Tẹ́ ẹ bá sọ tiyín, ẹ ti sọ tèmi nìyẹn. Mo níyàwó, mo lọ́mọ.’ Mo ní, ‘Ta ló fẹ́ sọ nǹkan?’ A bọ ara wa lọ́wọ́. Mo délé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, mo sì jẹ ẹ́ tán, mo tún bu sí i. Ẹ rí irú ẹni tí mo jẹ́.

Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo fẹ́ fún ọmọ ọba náà ní ojú mìíràn, àmọ́ ojú tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ni ọwọ́ mi ń fín. Mo gbé imú ga díẹ̀, mo fa adé wálẹ̀ díẹ̀, mo ní wọn ò ní mọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ pa á rẹ́. Òun ni iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi. Nísàlẹ̀, mo fín ìdáhùn ọmọ ọba náà ní lẹ́tà gàdàgbà: ODODO NI. N kò fi àmì ohùn sí i. Nígbà tí Fadá bi mí, mo ní idẹ kì í gba àmì kéékèèké. Ọwọ́ tó fín irun ojú ènìyàn, ṣé àmì ohùn ló fẹ́ ṣòro fún un? Bí mo ti gbé irin lé ibẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Happiness, n kò sì mọ èyí tí n bá fi síbẹ̀ nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ ọdún Ẹlísábẹ́tì, lẹ́yìn Mísà, Fadá ṣí aṣọ lójú idẹ náà, gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Màmá Àtọ́kẹ́ súnmọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó ní, ‘Ojú olè yẹn nìyí! Ojú Happiness!’ Ibi tí ariwo ti ń sọ ni èrò ti là sọ́tùn-ún sósì, tí Happiness fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ti gbọ́ ìkéde ọdún náà, ó ti Ìgàndó wá. Aṣọ rẹ̀ mọ́, àmọ́ òórùn ẹ̀fín ààtàn wà lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń ṣa ike jẹun. Ó dúró, ó wo ojú ara rẹ̀ lábẹ́ adé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo yín. ‘Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun. Mo mọ̀. Mo sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ máa sọ ọ́.’ Ó rò pé idẹ náà ni ẹ̀rí tí mo wá jẹ́ fún òun.

Fadá ní, ‘Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ṣé obìnrin yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù yín rí?’ Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run tún bi mí? Mo ní, ‘Rárá, Fadá. Ojú ló jọra. Màá tún un ṣe nísinsìnyí.’ Àpò iṣẹ́ mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí èmi ni mo kan idẹ náà mọ́gi. Mo mú irin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá ojú náà níwájú ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin lẹ rò pé àṣìṣe ni mo ń tún ṣe. Happiness di etí agbádá mi mú, kò pariwo, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ‘Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe é. Ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.’ Mo fá ojú, mo fá imú, mo fá ẹnu. Eruku idẹ náà fò wọ̀ mí lẹ́nu, mo gbé e mì. Ìyàwó mi ń sọ pé iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ló da ikọ́ yìí sí mi láyà, ṣùgbọ́n èmi mọ eruku tó ń pa mí.

Ṣé ó tán síbẹ̀? Kò tán. Ibi tí mo fá ti fẹ́lẹ́ jù, kò gba ojú mìíràn mọ́. Oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e, ó ń kọ mànà, ẹ wá ní ẹni mímọ́ náà ti fi ògo bo ojú rẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ń ti Ìkọ̀tun àti Ẹ̀gbẹ́dá wá. Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹ ti kúnlẹ̀, ẹ ń kí mi pé ọwọ́ mi ní oore-ọ̀fẹ́. Mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí ikọ́ náà wá di ẹ̀jẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ààtàn Solous ní Ìgàndó láti lọ wá a. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ìdọ̀tí. Mo ń béèrè Happiness, kò sí ẹni tó mọ orúkọ náà. Mo wá ní, ọmọ Ìsókò kan, tó máa ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń di ike sínú àpò, Jibril lorúkọ rẹ̀, gbójú sókè. ‘Ìyá Òdodo lẹ ń wá.’ Mo ní kí ló dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní, ‘Tó bá ti ra búrẹ́dì, á kó o sínú ìró, á máa pín in fún wa kiri. Tá a bá ní, Màmá, kí lẹ kó pamọ́? Á ní, òdodo ni. Ó ti kú o, Bàbá. Iná mú ààtàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fín yẹn ló mú un láyà. Àwa la dáwó sin ín.’ Ó wò mí dáadáa. Ó ní, ‘Ó máa ń sọ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń fín idẹ, pé ó ń bọ̀ wá sọ òtítọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ó retí ẹ̀ títí. Ṣé ẹ̀yin ni?’

Ẹ̀yin ará ìjọ mi, mo wo ojú ọkùnrin tó fi ọwọ́ rẹ̀ sin ín. Kò sí Fadá níbẹ̀. Kò sí idẹ, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin, kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní, ‘Èmi kọ́.’ Ẹ ti ka Ìhìnrere, ẹ mọ ẹni tó sẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ Pétérù jáde lọ sunkún. Èmi béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́.

Mo bẹ̀ yín. Ẹ dárúkọ Happiness nínú Mísà àwọn òkú, kí ẹ sì dá a láre níbi tí ẹ ti bú u, lẹ́nu géètì. Jibril mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ sọ fún un pé èmi ni ẹ̀gbọ́n náà. Ọmọ́tọ́ṣọ́, àbúrò mi, má bínú pé mo sọ tìrẹ mọ́ tèmi, ìwọ náà ṣì ní èémí láti fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá pè yín pé kí ẹ wá jẹ́rìí òun, ẹ dá a lóhùn níbẹ̀ náà. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Èmi sọ bẹ́ẹ̀ títí Happiness fi kú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín ojú mìíràn sára idẹ náà, ẹ fi ibi tí mo fá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ bá mi tún ṣe. Mo ní kí ìyàwó mi gbé irin mi wá sórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kò lè fa ilà mọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n fín, kó fi àmì ohùn síbẹ̀. Bó bá rí aṣọ ọmọ ọba náà, yóò ní ṣé òdòdó ni kí òun kọ. Ẹ sọ fún un pé rárá, kó kọ ọ́ bí Happiness ṣe máa ń pè é.